Ọwọ́ Ẹni Tó Mọ Kọ̀ǹpútà Tò

Etí processor náà ni ọkùnrin tó ń to kọ̀ǹpútà fún wa fi ìka méjì dì mú, kò jẹ́ kí ohunkóhun kan ìdí rẹ̀. Ryzen 5 5600 ni. Abẹ́rẹ́ 1331 ló wà nídìí irú rẹ̀, wọ́n sì rọ̀ débi pé bí ìka bá ṣèèṣì tẹ ọ̀kan, ó ti wọ́ nìyẹn. Ó wá àmì onígun mẹ́ta kékeré tó wà ní igun kan lára rẹ̀, ó wá ìkejì àmì náà lórí motherboard, ó gbé e lé e, ó sì yọwọ́. Kò tì í, kò tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo ara rẹ̀ ló mú un jókòó sínú ihò rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó tẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ tó fi há a mọ́lẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti ń rojọ́ géèmù láti àárọ̀ dákẹ́ lójijì.

Àdúgbò Otigba ní Ikeja la wà, níbi tí gbogbo ayé mọ̀ sí Computer Village. Bàbá ọmọ náà ti fowó ránṣẹ́, ó ní kí n tẹ̀lé e lọ ra kọ̀ǹpútà tó lè gbé géèmù. Ohun tí a ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́ ni bóyá ká ra èyí tí wọ́n ti tò sílẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, tàbí ká ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tò ó pọ̀ fún un.

Èyí tí wọ́n ti tò sílẹ̀ la kọ́kọ́ rí. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iná aláràbarà ń tàn nínú rẹ̀ bí ibi òde àríyá. Ẹni tó ń tà á mọ orúkọ processor àti graphics card inú rẹ̀ lórí. Mo bi í pé irú power pack wo ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Original ni, ẹ̀gbọ́n." Mo bi í bóyá ẹyọ RAM kan ló wà nínú rẹ̀ tàbí méjì. Kò mọ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí oníbàárà máa ń kà lára páálí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tò ó sílẹ̀ máa ń náwó lé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ni wọ́n ti ń ṣọ́wó ná. Wọ́n á fi RAM 16GB ẹyọ kan sí i dípò 8GB méjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà méjì ni processor ní sọ́dọ̀ RAM. Ẹyọ kan á jẹ́ kí ọ̀nà kan ṣófo, géèmù á sì máa fà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan tiẹ̀ ń ṣe power pack àti motherboard tí ìrísí rẹ̀ kò bá ti ẹlòmíràn mu, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ wọn nìkan lẹ máa padà sí.

N kò ní tìtorí èyí bu èyí tí wọ́n tò sílẹ̀ kù. Wáráńtì kan ló bo gbogbo rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo lẹ máa dì mú bó bá kọṣẹ́. Ní 2021, nígbà tí àwọn tó ń fi graphics card wa Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń kó o lọ́jà, ọ̀pọ̀ èèyàn ra odidi kọ̀ǹpútà nítorí pé card inú rẹ̀ nìkan ṣòro rí rà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sídìí tábìlì ọkùnrin yìí. Graphics card tòkunbọ̀ mẹ́ta ló gbé kalẹ̀, RTX 3060. Ó fi ìka yí fáànù ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dẹtí sí i. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Lára ìkejì, ó fi ìka nu òróró díẹ̀ tó ti ń sun jáde lábẹ́ irin, ó fi hàn mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ má rà á." Nígbà tí Ethereum yí ọ̀nà padà ní oṣù kẹsàn-án 2022 tí kò nílò card mọ́, àwọn tó ń lò wọ́n tú wọn sọ́jà. Ọjà tirẹ̀ ni card náà o, òun náà ló tún ní ká má rà á.

Èmi ni mo ní kó fún wa ní power pack 850 watt, mo rò pé bó bá ṣe tóbi tó ló ṣe dára tó. Ó mú bírò, ó ṣe ìṣirò lẹ́yìn páálí: card 170, processor 65, ìyókù kò tó nǹkan. 550 tó dáa ti pọ̀ tó. "Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra UPS. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, 850 ò lè gbà yín."

Ó bó ọ̀rá tó bo ìdí fáànù processor, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí tábìlì níbi tí ojú wa ti rí i. Ó ní àwọn kan máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa gbóná, wọn ò ní mọ ohun tó ń ṣe é. Thermal paste tó fi sí i kò tó hóró ẹ̀wà. Ṣúkùrù mẹ́rin ni: ó yí ọ̀kan díẹ̀, ó bọ́ sí èyí tó wà ní igun tó dojú kọ ọ́, ó yí ìyẹn náà díẹ̀, títí gbogbo wọn fi le bákan náà. Kó tó gbé motherboard náà sínú casing, ó kọ́kọ́ tan án lórí páálí rẹ̀.

Ẹ̀yìn casing ló pẹ́ sí jù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò. Bí onídìrí ṣe ń ya irun kó tó dì í ló ṣe ya wáyà: ti power pack lọ́tọ̀, ti fáànù lọ́tọ̀. Ó so wọ́n, ó wò wọ́n, wáyà kan gun orí ìkejì. Ó gé okùn náà, ó tún un so. Mo ní ṣebí irin máa bò ó. Ó ní, "Ẹni tó bá máa ṣí i lọ́la ńkọ́?"

Nígbà tó tàn tán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti nawọ́ sí páàdì. Ọkùnrin náà ní kó dúró. RAM tí wọ́n kọ 3200 sí lára ń sáré 2133. Ó wọ BIOS, ó tan XMP, ètò tó ń mú RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sí i lára, ó tún tan kọ̀ǹpútà náà: 3200. Àwọn kan wà tó ń lo tiwọn ní 2133 fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀.

Tèmi ni pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tò ó lójú yín, bí ẹ bá rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ báyìí. Bó bá jẹ́ pé èyí tí wọ́n ti tò sílẹ̀ lẹ fẹ́, nítorí wáráńtì tàbí nítorí àkókò, ẹ ní kí wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ ka orúkọ tó wà lára power pack. Ẹ ka iye RAM: kó jẹ́ méjì.