Dúdú Tí Kò Jóná

Oríṣi súwíìtì mẹ́rin ni mo rà ní ọjà Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́: TomTom, Goody Goody, sìsì pẹ̀lẹ́bẹ́ àti baba dúdú. Mo tọ́ wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi omi ṣan ẹnu kí adùn ọ̀kan má baà bo èkejì mọ́lẹ̀.

Láti ọdún 1970 ni Cadbury ti ń ṣe TomTom ní Nàìjíríà. Bí ó ṣe kan ahọ́n báyìí, òtútù gba imú gòkè. Bẹ́ẹ̀ ẹnu kò tutù rárá; mẹ́ńtọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ló ń jí iṣan tó ń mọ òtútù. Mo jẹ mẹ́ta, ìlà dúdú àti funfun wọn kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni adùn wọn. Ẹ̀rọ tó mọ̀wọ̀n ló ṣe é. Goody Goody ní tirẹ̀ rọ̀, ó ń fà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ èrìgì. Ohun tí ọmọdé ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Sìsì pẹ̀lẹ́bẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n á yọ́ ṣúgà, wọ́n á da ẹ̀pà sí i, wọ́n á dà á sórí pákó tí wọ́n ti fi òróró pa, wọ́n á sì fi ìgò yí i títí yóò fi tẹ́. Kó tó le ni ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ ti gé e tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fífọ́ ló máa fọ́. Igun èyí tí mo rà gún régé, ó sì ń ró lábẹ́ eyín.

Ṣùgbọ́n baba dúdú ló dá mi dúró. Àgbọn ni wọ́n rin, wọ́n fún omi rẹ̀, wọ́n wá sè é pẹ̀lú ṣúgà títí omi fi gbẹ tí òróró yọ. Ẹni tó ń rò ó kò gbọdọ̀ gbójú kúrò. Á kọ́kọ́ pọ́n bí oyin, á wá dúdú. Ààlà tó wà láàárín dúdú àti jíjóná kò sì nípọn. Bó bá tètè sọ̀ ọ́, adùn lásán ni; bó bá pẹ́ jù, ó di èédú. Nínú èyí tí mo rà, adùn ló ṣíwájú, àgbọn tẹ̀lé e, ìkorò fẹ́ẹ́rẹ́ kẹ́yìn. Ìkorò yẹn ni kò jẹ́ kó sú mi.

Kò sí orúkọ kankan lára ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Mo padà sọ́dọ̀ ìyá tó tà á fún mi, mo ní: “Mà, ẹ bá mi kí ẹni tó sè é. Ẹ ní ó mọ ìgbà tí wọ́n ń pa iná.”