Bí A Bá Tún It's a Sin Wò

Nínú apá kìíní eré orí tẹlifíṣàn It's a Sin, bàbá Ritchie Tozer fún un ní kọ́ńdọ́ọ̀mù bí ọmọ náà ṣe ń kúrò ní Isle of Wight lọ kàwé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kó má lọ fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún ni bàbá ń rò. Orí ọkọ̀ ojú omi ni ọmọ ti jù ú sínú òkun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, ẹ̀rín pa mí. Ta ló fẹ́ fún lóyún, nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí? Ẹni tó bá tún un wò kò ní lè rẹ́rìn-ín mọ́, torí ó ti mọ ohun tí ọmọ yẹn jù nù.

Bí Russell T Davies ṣe kọ eré náà látòkè délẹ̀ nìyẹn. Apá márùn-ún péré ni. Channel 4 ló gbé e jáde ní oṣù kìíní ọdún 2021, Peter Hoar ló darí rẹ̀, orin Pet Shop Boys ti 1987 ló sì fún un lórúkọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀, àti Jill ọ̀rẹ́ wọn, nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Pink Palace, láti 1981 di 1991, nígbà tí éèdì ń mú wọn lọ níkọ̀ọ̀kan. Àmọ́ Davies kì í jẹ́ kí àìsàn gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ijó là ń wò, ẹ̀fẹ̀ là ń gbọ́, àti "La!" tí wọ́n fi ń kí ara wọn, ikú á ti wà nínú yàrá kí ojú wa tó tó o.

Ẹ wo Colin. Ọmọ Wales ni, onítìjú, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn télọ̀ ní Savile Row. Callum Scott Howells ṣe é bí ẹni tó ń tọrọ àyè kó tó mí. Gbogbo wa la fọkàn balẹ̀ lórí tirẹ̀. Ní apá kẹta, wárápá gbé e, wọ́n fi òfin tì í mọ́ ọsibítù, ìgbà tí iyè rẹ̀ ń rá ni a tó mọ̀ pé òun àti ọmọ ìyá onílé rẹ̀ àtijọ́ ti jọ ní nǹkan pọ̀. Ẹ padà sí apá kìíní: ọmọ onílé náà wà níbẹ̀. Davies ò purọ́ fún wa, àwa la ò wo ibẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé oníṣekúṣe nìkan ni àrùn yìí ń wá kò rí ibi fẹsẹ̀ lé.

Jill náà ń kọ́? Gregory, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Gloria, ń ṣàìsàn, ó sì mu nǹkan nínú ife ilé wọn. Jill, tó ń ra oúnjẹ lọ fún un, fọ ife náà, ó tún un fọ̀, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ó fọ́ ọ. Àánú àti ẹ̀rù wà lọ́wọ́ kan náà, Lydia West tó ṣe Jill ò sì fi ìkankan bo èkejì. Jill Nalder, ọ̀rẹ́ Davies tí wọ́n wo ayé rẹ̀ kọ ti Jill, ló ṣe ìyá rẹ̀ nínú eré náà.

Etí ọmọ Yorùbá á dìde tó bá gbọ́ orúkọ Roscoe Babatunde, ọ̀kan nínú àwọn ará Pink Palace. Ìdílé rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí Nàìjíríà. Ó wọ síkẹ́ẹ̀tì, ó gba àárín àwọn tó ń gbàdúrà fún un kọjá, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìrìn Omari Douglas, tó ṣe Roscoe, níbẹ̀ tó eré lọ́tọ̀. Àmọ́ Oscar, Rosa àti Solly, bàbá, ìyá àti arábìnrin rẹ̀, ò fi bẹ́ẹ̀ jọ ará ilé wa lójú mi. Davies mọ àdúrà wọn ju àwàdà wọn lọ.

Àwọn kan ní eré náà ti le jù mọ́ Valerie, ìyá Ritchie, tó gbé ọmọ lọ sílé ní apá karùn-ún tí kò jẹ́ kí Jill rí i títí ó fi kú. Èmi ò gbà. Nínú apá mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni Keeley Hawes, tó ṣe Valerie, wà, nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kì í ti í béèrè ohun tó yẹ kó béèrè. Ìkà kọ́ ló ń ṣe. Ẹni tí gbogbo rẹ̀ já lù lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni. Síbẹ̀ náà, inú ṣì ń bí mi sí i o.