Agbo Ti Tú Kí Wọ́n Tó Kéde

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán CBS ní Amẹ́ríkà kéde pé sáà karùn-ún ni eré Bob Hearts Abishola yóò fi kógbá sílé. Apá tó gbẹ̀yìn jáde lọ́jọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2024. Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń wò ó, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú jáde nílé ni wọ́n ń sunkún, wọn ò kíyè sí ọjọ́ tí aláìsàn gbẹ́mìí mì. Lójú tèmi, oṣù kẹrin ọdún 2023 ni eré yẹn ti kú, ohun tó sì pa á ni pé wọ́n tú agbo òṣèré rẹ̀ ká.

Fún ẹni tí kò wò ó rí: Bob Wheeler, òyìnbó tó ní ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ ní Detroit, ni àìsàn ọkàn kọ lù, tí wọ́n gbé dé ọsíbítù. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ni Abíṣọ́lá Adébáḿbọ̀, tí òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Ìfẹ́ wọ Bob lára lójú ẹsẹ̀. Ìtàn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni mẹ́rin ló pilẹ̀ rẹ̀: Chuck Lorre tó ti lówó nídìí eré ẹ̀fẹ̀ tipẹ́, Eddie Gorodetsky, Al Higgins, àti Gina Yashere, aláwàdà tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Apá àkọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Fọlákẹ́ Olówófóyekù ló ṣe Abíṣọ́lá. Èkó ni wọ́n bí i sí, ará Iléṣà sì ni bàbá rẹ̀, Olóyè Babátúnjí Olówófóyekù, tó ti ṣe mínísítà ètò ìdájọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ayé àtijọ́.

CBS kan náà ni eré ẹ̀fẹ̀ I Love Lucy ti jáde láti 1951 dé 1957. Nínú eré yẹn, Desi Arnaz, ọmọ Kúbà, a máa gbá ìlù kọ́ńgà mọ́ra, á sì fi gbogbo ọ̀fun pe Babalú. Ọbalúayé wa ni ó ń pè, òrìṣà tó bá àwọn ẹrú sọdá òkun, tó wá di orin ilé fàájì. Àìmọye ará Amẹ́ríkà gbọ́ orúkọ yẹn nínú pálọ̀ wọn láìmọ ẹni tí wọ́n ń ké sí. Yorùbá wọ eré ẹ̀fẹ̀ òyìnbó lọ́jọ́ náà lóòótọ́, àmọ́ igbe ẹnìkan ṣoṣo ni. Kò sí ẹni tí yóò dáhùn.

Ohun tí eré Abíṣọ́lá mú wá ni ẹni tó ń dáhùn. Abíṣọ́lá àti Kẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí Yashere fúnra rẹ̀ ṣe, a jókòó sínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yà a máa jáde lẹ́nu wọn. Nílé, Àǹtí Olú, tí Ṣọlá Adéwùsì ṣe, ti jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ kó tó di pé ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́, ó sì ti ní ìdájọ́ lẹ́nu. Nílé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ ni mo ti ń rí iṣẹ́ ọnà gan-an. Goodwin, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé nílé kó tó di òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ Bob, àti Kofo, ẹnìkejì rẹ̀, a dúró pẹ̀lú Douglas, àbúrò ọ̀gá wọn. Douglas á sọ ìsọkúsọ. Àwọn méjèèjì ò ní rẹ́rìn-ín. Goodwin á yíjú sí Kofo, á ju gbólóhùn Yorùbá kan sí i bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́, Kofo á mi orí, á fi tirẹ̀ lé e, ni Douglas á bá máa wo ẹnu méjèèjì bí ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Òyìnbó tó ń wò ní láti ka Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti rẹ́rìn-ín tán nígbà yẹn. Mi ò mọ eré òyìnbó mìíràn tó ti fi wá ṣáájú báyìí nínú ẹ̀rín. Báyọ̀ Akínfẹ́mi tó ṣe Goodwin náà ló ń tọ́ èdè Yorùbá inú rẹ̀ sọ́nà, ó sì wà lára àwọn tó darí apá kan nínú rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa dún bí ọ̀rọ̀ èèyàn.

Kì í ṣe pé eré náà ò lábùkù. Barry Shabaka Henley, ará New Orleans tó ṣe Àǹkù Túndé, òṣèré tó mọṣẹ́ ni, àmọ́ Yorùbá a máa ta kókó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó kọ eré náà sì fẹ́ràn ìwàásù: àtọ̀húnrìnwá tó ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, ìyá tó ní dandan ọmọ òun ó di dókítà nígbà tí ijó jíjó ń wu ọmọ. Ó ti pọ̀ jù nígbà míì. A fara dà á nítorí agbo yẹn.

Bí nǹkan ṣe ń lọ nídìí eré amóhùnmáwòrán ní Amẹ́ríkà ni pé ilé iṣẹ́ kan á ṣe eré, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán á san owó rẹ̀. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, owó òṣèré a máa lọ sókè, iye èèyàn tó ń wò a sì máa lọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, kí wọ́n lè dín ìnáwó kù, wọ́n yọ gbogbo òṣèré kúrò lára àwọn tó ní ìwé iṣẹ́ ọlọ́dọọdún, àfi Billy Gardell tó ṣe Bob àti Olówófóyekù. Àwọn tó kù á máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí àlejò, Yashere tó wà lára àwọn tó dá eré sílẹ̀ náà kò yọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn òǹkọ̀wé da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún, àwọn òṣèré da tiwọn sílẹ̀ ní oṣù keje. Apá 13 péré ló kù fún sáà ìkẹyìn, nígbà tí sáà kẹta àti ìkẹrin ní 22 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 95, ó ku márùn-ún kó pé 100 tí àwọn oníṣòwò eré níbẹ̀ ti ń lé tipẹ́.

Òǹṣirò owó lè sọ pé àwọn tó ni ìtàn ṣì wà ńbẹ̀, orúkọ wọn náà ló kúkú wà nínú àkọlé. Kò mọ ohun tí ó gé. Bob ń gbìyànjú láti gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọkọ àti aya nìkan nínú yàrá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò sọ. Abíṣọ́lá nílò Àǹtí Olú kó tó lè bá a jiyàn, ó nílò Kẹ́mi kó tó lè ṣe òfófó. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn ò bá sí, èdè náà máa ń tẹ̀ lé e jáde. Wọ́n dín owó oṣù kù, wọ́n sì dín Yorùbá kù láìmọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí òdìkejì rẹ̀, kó rántí The Village Headmaster tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, tó wà lórí amóhùnmáwòrán Nàìjíríà láti 1968 dé 1988. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé náà: Ted Mukoro, Fẹ́mi Robinson, Justus Esiri. Ẹni tí wọ́n fi sọ eré lórúkọ ni wọ́n ń pààrọ̀ o! Eré ò wó, nítorí ìlú Ọjà wà ní ìdúró: Ọlọ́jà wà láàfin, Olóyè Ẹléyinmi ń da ààfin rú, Amebo ń gbé ọ̀rọ̀ kiri. CBS di orí mú, ó jọ̀wọ́ ìlú.

Àwọn kan ní sáà márùn-ún kì í ṣe kékeré, pé ká dúpẹ́. Wọn ò purọ́, eré púpọ̀ níbẹ̀ kì í rí sáà kejì. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi mí, mo fẹ́ kí wọ́n ti parí rẹ̀ ní sáà kẹrin, kí Goodwin àti Kofo ṣì wà nídìí ẹ̀rọ ìbọ̀sẹ̀, kí Àǹtí Olú ṣì wà nídìí tábìlì, ju kí wọ́n fi apá 13 fà á gùn.