Àwọn Tó Fi Òkúta Ṣílẹ̀kùn Èkó

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ojú irin Agége àti Ìkẹjà lójoojúmọ́, ọ̀nà yìí ni òkúta tó sọ Èkó di èbúté ńlá gbà kọjá. Tẹ́lẹ̀, iyanrìn dí ẹnu ọ̀sà débi pé èbúté Forcados ni ọkọ̀ òkun ńlá ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké. Láti 1908 ni wọ́n ti ń fọ́ àpáta ní ẹ̀bá Abẹ́òkúta, tí rélùwéè ń kó o wá sétí òkun láti fi mọ odi sẹ́nu ọ̀sà. Nígbà tó fi di 1914, ọkọ̀ ńlá ti wọlé.

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọ̀hún gidigidi. Òkúta kéékèèké ni wọ́n ń kó sínú odi náà, ràbàtà-ràbàtà ni wọ́n ń tò bo ìta. Ní Eko Atlantic, ìlú tuntun orí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òkun, kọnkéré tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n tó tọ́ọ̀nù márùn-ún ni wọ́n tò ṣe odi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá lára, ọ̀kan á sì há sí èkejì. Bí ìgbì bá kọ lù wọ́n, omi á gba àárín wọn wọlé, agbára rẹ̀ á fọ́n ká. Lẹ́yìn odi náà, páìpù pọ iyanrìn àtomi. Omi á ṣàn lọ, iyanrìn á jókòó, ilẹ̀ á yọ.

Ṣùgbọ́n odi òkúta àtijọ́ ẹnu ọ̀sà yẹn náà ló dá iyanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ dúró, òkun sì jẹ etíkun Bar Beach wọnú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ n'Ìkẹjà, èbúté Apapa ló gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ará etí òkun ló jìyà iṣẹ́ náà jù.