Sólà Nìkan Kọ́

Bí wọ́n bá ń yin ilé RSF tí àjọ NREL ti ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ní Golden, ní Colorado, ní 2010, sólà ni wọ́n máa ń tọ́ka sí: ó wà lórí òrùlé, ó tún wà lórí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ó wuyì, mi ò jiyàn. Àmọ́ yàrá kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ gidi wà.

Wọ́n kọ́kọ́ kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ server sínú díẹ̀. Wọ́n wá fi ògiri ya atẹ́gùn gbígbóná kúrò lára tútù, wọ́n ń fi atẹ́gùn ìta tu ẹ̀rọ, ooru tó ń jáde sì ń mú ilé móoru nígbà òtútù. Bí kọ̀ǹpútà bá lo iná 100, gbogbo yàrá náà ò gbà ju nǹkan bí 116 lọ. Ìyẹn ni PUE 1.16. Láìṣe bẹ́ẹ̀, òrùlé wo ni ì bá gba sólà tó máa tó o?

Ohun tí mi ò gbà ni orúkọ "net zero" yẹn. Ìṣirò ọdún kan gbáko ni. Lọ́sàn-án, sólà ń ti iná tó ṣẹ́kù sórí wáyà ìlú. Lóru, server ò sùn, wáyà ìlú ló ń bọ́ ọ. Wáyà yẹn ni bátìrì wọn, ẹ̀yin ọmọ mi!

Ẹni tó bá fẹ́ da àwòrán yìí kọ sí Ìbàdàn, níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí atẹ́gùn sì kún fún ọ̀rinrin, bátìrì gidi ni yóò rà, àti ẹ̀rọ amúlétutù pẹ̀lú. Kó tó béèrè iye tí wọ́n ń ta sólà, kó ka iye server tó kàn tan sílẹ̀ láìṣe nǹkan kan.