Àwòrán Akẹ́kọ̀ọ́ ní Òkè Òkun: Èdè Wo ni Wọ́n Ń Sọ Nínú Rẹ̀?

Bí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó ń gbé ní Woolwich bá mú gègé láti ya ayé rẹ̀ han àwọn ará ilé, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ yà ni aago ńlá Westminster, bọ́ọ̀sì pupa àti yìnyín. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde rí lè wo gbogbo rẹ̀ yà láti ara kàlẹ́ńdà. Àwọn tó ta ilẹ̀ san owó ilé-ẹ̀kọ́ ń retí ìròyìn; káàdì ìkíni ni wọ́n rí gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti ń wo àwòrán inú ìwé Òyìnbó yà láti kékeré, kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Nígbà tó padà dé ní 1922, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú. Síbẹ̀, àwòrán àwọn ènìyàn pàtàkì Èkó ni a fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ti ayé akẹ́kọ̀ọ́. D. O. Fágúnwà ní tirẹ̀ fi Ìrìnàjò Apá Kìíní (1949) àti Apá Kejì (1951) ròyìn Ìlú Ọba fún wa, Yorùbá tó já geere sì ni. A ti rí ayàwòrán, a ti rí oníròyìn. Ẹni tí yóò so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ ni à ń wá.

Ẹni tó ṣe é fún àwọn èèyàn tirẹ̀ ni Henry Kiyama, ọmọ Jàpáànì tó kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní San Francisco. Ìwé tó tẹ̀ jáde níbẹ̀ ní 1931 jẹ́ ìtàn aláwòrán méjìléláàádọ́ta, nípa àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tó wá kàwé tí wọ́n sì ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìmìtìtì ilẹ̀ 1906 wà níbẹ̀. Èyí tó jọ mí lójú jù ni èdè. Bí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, èdè Jàpáànì ni. Bí wọ́n bá dé iwájú ọ̀gá, Gẹ̀ẹ́sì tó mẹ́hẹ ni. Òǹkàwé rí i kedere pé ẹni tí ọ̀gá ń pè ní òmùgọ̀ yìí kì í ṣe òmùgọ̀ rárá láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Woolwich yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á kí ìyá oníṣu pé, "Ẹ kú ọjà o, mà." Orúnkún rẹ̀ á fẹ́ kanlẹ̀ lójú títì, á rántí pé èrò ń kọjá, á sì dúró ní agbede méjì. Gbólóhùn mẹ́ta kò tó láti sọ èyí. Ìlà méjì lè fi í hàn. Ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn sọdá odò Thames lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1889 náà ń bẹ níbẹ̀. (Fún ẹni tó ń ṣọ́ owó ná, ohun ọ̀fẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tó ìtàn.)

Àwọn kan nínú àwa olùkọ́ èdè fẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ inú àwòrán jẹ́ Yorùbá, kí ọmọ lè rí èdè kọ́. Mo lóye ìdí wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Bí ọ̀gá Òyìnbó bá ń sọ Yorùbá geere nínú àwòrán, ìyá tó wà nílé kò ní mọ ohun tí ọmọ òun ń là kọjá. Kí Gẹ̀ẹ́sì ọ̀gá dúró. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi Yorùbá kọ ohun tí òun gbọ́ sábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìtumọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti yé e, kí ó fi àyè sílẹ̀ lófìfo. Ìyá rẹ̀ yóò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.