Gbígbọ́ Ohùn, Gbígbọ́ Èdè: Èrò Àwọn Olùgbọ́ lórí Àwo Orin Fíìmù Black Panther

1. ÌFÁÀRÀ

Orin inú fíìmù kì í dá rìn. Àwòrán ni ó ń bá kẹ́gbẹ́. Ohun tí ojú rí ni ó ń tọ́ etí sọ́nà. Ṣùgbọ́n bí fíìmù kan bá gbajúmọ̀ tán, wọn a kó orin inú rẹ̀ sínú àwo, wọn a sì tà á lọ́tọ̀. Láti ọjọ́ náà ni orin ti ya ara rẹ̀ kúrò lára àwòrán, tí ó sì di pé etí nìkan ni yóò ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí èrò àwọn olùgbọ́ lórí irú àwo bẹ́ẹ̀ fi yẹ fún àyẹ̀wò. Ó ń fi ohun tí wọ́n rò pé orin wà fún hàn, ó sì ń fi irú etí tí oníkálukú gbé wá hàn.

Ohun tí bébà yìí gbé yẹ̀wò ni èrò tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n gbọ́ orin fíìmù Black Panther, tí Ryan Coogler darí, tí ó sì jáde ní oṣù kejì ọdún 2018. Ìtàn T'Challa ni fíìmù náà sọ, ọmọ ọba Wakanda, ìlú àròsọ kan ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó gorí oyè lẹ́yìn ikú baba rẹ̀, ìbátan rẹ̀ kan tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, Killmonger, sì wá bá a du ìtẹ́ náà. Owó tí fíìmù yìí pa káàkiri àgbáyé lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, orin rẹ̀ sì dé ibi tí ọ̀pọ̀ orin fíìmù kò dé.

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, *gbọ́*, ni ó dúró fún kí ìró wọ etí àti kí òye ọ̀rọ̀ yé ènìyàn. Ẹni tí ó gbọ́ ìlù lè má gbọ́ ohun tí ìlù wí. Ìgbà tí wọ́n bá sì ní ẹnì kan kò gbọ́ Èdè Ṣàrọ́, kì í ṣe pé odi ni wọ́n pè é. Orí ìyàtọ̀ yìí ni àlàyé bébà yìí dúró lé. Èrò tí ó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìbéèrè tí àwọn olùgbọ́ ń jà lé lórí, èyíinì ni *ta ni ó ni orin náà?*, kò tó láti fi ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ ni *ta ni ó gbọ́ ọ?*

2. ÀWO MÉJÌ LÁTI INÚ FÍÌMÙ KAN

Àwo méjì ni ó jáde, ó sì ṣe pàtàkì kí wọ́n má baà pò pọ̀. Èkíní jáde ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2018. Kendrick Lamar, olórin ráàpù láti Compton ní ìpínlẹ̀ California, ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀ pẹ̀lú Anthony Tiffith tí ó ni ilé-iṣẹ́ tí ó gbé e jáde. Orin mẹ́rìnlá ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn olórin Amẹ́ríkà ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Gúúsù Áfíríkà bíi Sjava, Saudi, Babes Wodumo àti Yugen Blakrok náà kópa. Àwo yìí gba ipò kìíní lórí àtẹ Billboard ti Amẹ́ríkà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó dé ibẹ̀.

Èkejì jáde ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ni àkójọ orin tí Ludwig Göransson, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, kọ láti bá àwòrán rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé òpin. Kò sí ráàpù nínú rẹ̀. Ìlù, fèrè, ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn ohun èlò olókùn ti ilẹ̀ Yúróòpù ni ó fi ṣe é. Ní oṣù kejì ọdún 2019, Göransson gba ẹ̀bùn Grammy àti ẹ̀bùn Oscar nítorí iṣẹ́ yìí.

3. OHÙN MẸ́TA LÁÀÁRÍN ÀWỌN OLÙGBỌ́

(i) Èrò kìíní ni ti àwọn tí wọ́n sọ pé àwo Lamar kì í ṣe orin fíìmù rárá. Ẹ̀rí wọn ni pé díẹ̀ nínú àwọn orin rẹ̀ ni ó dún nínú fíìmù náà. "Pray for Me" àti "Opps" ni a gbọ́ nígbà tí ìtàn dé ìlú Busan ní Gúúsù Kòríà, "All the Stars" sì dún nígbà tí fíìmù ti parí, tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá. Òtítọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n òye tí wọ́n yọ láti inú rẹ̀ kò pé. Bí wọ́n bá fi etí sí àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn yóò rí i pé Lamar ń sọ̀rọ̀ ní ipò T'Challa ní àkókò kan, ní ipò Killmonger ní àkókò mìíràn, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbé ìjà àwọn méjèèjì kalẹ̀. Àwo yìí kò bá àwòrán rìn bí òjìji ti ń bá ara rìn. Bí oríkì ṣe rí sí ẹni tí wọ́n ń kì ni ó rí sí fíìmù náà: oríkì kì í tò ìgbésí-ayé ènìyàn lẹ́sẹẹsẹ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò kan ẹni tí ó ni ín.

(ii) Èrò kejì dá lórí ẹni tí ó kọ orin. Àwọn kan kò lè gbà á pé ará Swídìn ni kí wọ́n fún ní iṣẹ́ ohùn ìlú Áfíríkà tí òyìnbó kò tẹ̀ rí, àní nínú àròsọ. Àwọn mìíràn dáhùn pé Göransson kò jókòó sílé rẹ̀ kó dá ohùn Áfíríkà sílẹ̀ láti inú èrò ọkàn rẹ̀. Òun àti Coogler ti jọ kàwé ní Yunifásítì Gúúsù California, wọ́n sì ti jọ ṣe Fruitvale Station (2013) àti Creed (2015). Nígbà tí iṣẹ́ Black Panther dé, ó rin ìrìn-àjò lọ sí Sẹ̀nẹ̀gàl, ó bá Baaba Maal àti àwọn onílù rẹ̀ káàkiri òde eré. Ó sì tún lọ sí ilé-ìpamọ́ orin ilẹ̀ Áfíríkà tí Hugh Tracey dá sílẹ̀ ní ọdún 1954, èyí tí ó wà ní Yunifásítì Rhodes ní Gúúsù Áfíríkà.

Àwọn ìhà méjèèjì ní ẹ̀tọ́ díẹ̀díẹ̀. Kíkọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Göransson nìkan ni ó wà lára ẹ̀bùn Oscar náà, bẹ́ẹ̀ ni ohùn Baaba Maal àti ìlù Massamba Diop ni ọ̀pọ̀ olùgbọ́ kọ́kọ́ máa ń rántí. Ọ̀rọ̀ tí ó kù síbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ètò ìpín ọlá. Kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá orin náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kò ṣe é.

(iii) Èrò kẹta ni ti àwọn tí wọ́n pe orin náà ní àdàlú. Ìlù rẹ̀ ti Sẹ̀nẹ̀gàl wá. Èdè tí àwọn ará Wakanda ń sọ jẹ́ Xhosa ti Gúúsù Áfíríkà, nítorí pé èdè náà ni òṣèré John Kani sọ ní ipò baba T'Challa nínú Captain America: Civil War (2016). Àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ ní ìlú àròsọ kò ní ààlà tí ẹnikẹ́ni lè fà fún un. Ìgbèjà yìí bọ́ sí i fún ẹni tí kò mọ èyíkéyìí nínú àwọn èdè náà, nítorí pé ohùn kan ṣoṣo, tí í ṣe "ohùn Áfíríkà", ni ó ń gbọ́. Ní etí ẹni tí ó ti Dakar tàbí East London wá, ojú ìránṣọ náà hàn kedere. Èyí tọ́ka sí i pé àwo kan náà kì í ṣe ohun kan náà fún gbogbo olùgbọ́.

4. ÌLÙ TÍ Ó Ń PE ORÚKỌ

Ìlù tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwo Göransson ni *tama*. Abẹ́ apá ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n sì ń fún ọṣán rẹ̀ kí ohùn lè gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i ní ilẹ̀ Yorùbá yóò kà á mọ́ ìran kànnàǹgó. Göransson fi ìlù yìí pe orúkọ T'Challa, ìró kúkúrú kan tí ó ń padà wá nígbà tí ọba náà bá yọ. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ fi èyí ṣe ẹ̀rí pé "ìlù náà ń sọ̀rọ̀".

Ọ̀rọ̀ yìí gba àtúnṣe. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Dùndún ń sọ̀rọ̀ nítorí pé ó lè tẹ̀ lé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ inú gbólóhùn. Wolof, èdè tí ó gbilẹ̀ jù ní Sẹ̀nẹ̀gàl, kì í ṣe èdè olóhùn. Orúkọ T'Challa pàápàá, inú ìwé àwòrán-ẹ̀fẹ̀ Amẹ́ríkà ni Stan Lee àti Jack Kirby ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1966, kò sì ní ohùn kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ìlù kò lè tẹ̀ lé ohun tí kò sí. Ìlọ́ra àti ìyára sílébù ni tama náà ń ṣe àfarawé. Olùgbọ́ Yorùbá tí ó bá ń wá gbólóhùn nínú ìró náà ń wá ohun tí wọn kò fi síbẹ̀.

Síbẹ̀, bí ọ̀nà tí ìlù méjèèjì ń gbà sọ̀rọ̀ bá yàtọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn jọra. Bí ènìyàn pàtàkì bá wọ òde ìnáwó ní ilẹ̀ Yorùbá, àyàn yóò dojú ìlù kọ ọ́, yóò kì í, gbogbo òde yóò sì mọ ẹni tí ó dé. Iṣẹ́ yìí gan-an ni tama ń ṣe nínú fíìmù. Ó dára níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń kí wà lójú. Nínú àwo, ìlù ń kí ẹni tí kò wọlé. Òye yìí ni ó lè là wọ́n níjà, àwọn tí àwo Göransson wọ̀ lára àti àwọn tí wọ́n ní ó ń sú ni nítorí àsọtúnsọ. Ẹni tí ó ti wo fíìmù ń fi ọkàn rí ọba náà bí ìlù ti ń dún. Ẹni tí kò wò ó ń gbọ́ ìkíni tí kò ní ẹni tí yóò dáhùn.

5. ORIN ERIN

Ibi tí ìyàtọ̀ gbígbọ́ ohùn àti gbígbọ́ èdè ti hàn jù ni orin "Wakanda", èyí tí Baaba Maal fi ohùn gíga bẹ̀rẹ̀. Nínú fíìmù, ó dún bí ọkọ̀ òfuurufú T'Challa ti ń wọ ìlú rẹ̀, tí ẹwà Wakanda ń hàn fún òǹwòran fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ka orin náà sí orin ayọ̀ àti orin ìdílé-ilé, ó sì wà lára èyí tí wọ́n máa ń yìn jù.

Èdè Pulaar ni Baaba Maal fi kọ ọ́, ohun tí ó sì ń sọ ni pé erin kan ti kú. Ọba tí ó wàjà ni erin náà dúró fún. Ẹni tí ó gbọ́ Pulaar mọ̀ pé orin arò ni ó ń dún lábẹ́ àwòrán ògo, pé ọmọ tí ń bọ̀ wálé yìí ń bọ̀ wá gba ipò baba rẹ̀ tí kò sí mọ́. Òye yìí kò ṣòro fún Yorùbá, nítorí pé "erin wó" ni Yorùbá náà ń wí bí ẹni ńlá bá lọ. Ṣùgbọ́n àwòrán kò sọ ọ́, ohùn nìkan kò sì lè sọ ọ́. Èdè ni ó sọ ọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2020, Chadwick Boseman, òṣèré tí ó ṣe T'Challa, kú ní ẹni ọdún 43. Láti ìgbà náà, ìtumọ̀ tí àwọn tí ó gbọ́ Pulaar ti ní láti ìbẹ̀rẹ̀ wá di ohun tí gbogbo olùgbọ́ lè fi ọkàn bá. Orin náà kò yí padà. Etí ni ó yí padà.

Ní ìhà kejì, àwo Lamar tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó jìnnà sí fíìmù ni Sjava ti fi èdè Zulu kọrin nínú "Seasons", tí Babes Wodumo sì gbé ìlù *gqom* ti Durban wọ "Redemption". Àwọn wọ̀nyí ń bá àwọn ènìyàn tí ó wà láàyè sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Nínú àwo Göransson, ibi tí ẹgbẹ́ akọrin ńlá ti ń ké láti mú kí ìjà le sí i ni ó tẹ́ jù, nítorí pé níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti di ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ibi tí ó ti lágbára ni ibi tí ẹnì kan ti dúró nínú èdè kan, tí ó ń sọ ohun kan.

6. ÌKÁDÌÍ

Ní ọdún 2022, nígbà tí Black Panther: Wakanda Forever jáde, díẹ̀ nínú iṣẹ́ orin rẹ̀ wáyé ní Èkó. Tems, Burna Boy, Fireboy DML àti Rema wà nínú àwo rẹ̀, Tems sì wà lára àwọn tí ó kọ "Lift Me Up" fún Rihanna. Inú ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ní Nàìjíríà dùn, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìdáhùn sí *ta ni ó ni ín?* ni ayọ̀ náà. Kí orúkọ ọmọ ẹni wà lẹ́yìn àwo kò túmọ̀ sí pé èdè ẹni wà nínú rẹ̀.

Ìlànà tí ó bá iṣẹ́ lámèyítọ́ mu kò ṣàjèjì sí àwọn tí wọ́n ti wo Ṣaworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí. Nínú fíìmù náà, ìlù kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ìlù ni ó mú ẹ̀san ìbúra wá bá ọba tí ó kọ̀ láti ṣe é. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìlù kò tíì gbọ́ ìtàn. Òṣùwọ̀n kan náà ni ó yẹ kí wọ́n fi wọn orin fíìmù tí ó bá ti òkè òkun dé. Kí wọ́n bi í léèrè ohun tí ó ń wí, èdè tí ó fi ń wí i, àti ẹni tí ó ń wí i fún. Kí wọ́n sì wá olùgbọ́ Pulaar, ti Wolof, ti Zulu àti ti Xhosa rí kí wọ́n tó sọ pé èrò àwọn olùgbọ́ ti pé. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ohùn lásán ni ìdájọ́ yóò dúró lé, ọ̀rọ̀ tí orin náà wá sọ yóò sì kọjá lẹ́bàá etí.